Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé alájà mẹ́ta, ráútà wo ló kárí ilé yín?

Bàbá Ẹ̀bùn: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìsàlẹ̀ ni ráútà wa, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, wà, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, níbi tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì ti wọlé. Nínú pálọ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ní àjà òkè pátápátá, níbi tí àwọn ọmọ ń sùn, ilà kan ṣoṣo ni fóònù ń gbé jáde, ìyẹn náà á sì tún pòórá. Alaalẹ́ ni màmá mi máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sórí àtẹ̀gùn keje, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ojú ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lórí fídíò kì í ti dì. Mo fẹ́ ra ráútà tuntun kan tó ní áńténà mẹ́jọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, kí ló ṣojú yín?

Ìyá Ìbejì: Mo rà á. Ó dà bí aláǹtakùn tó dojú sókè. Àjà kejì gbádùn rẹ̀ díẹ̀; àjà kẹta kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ra nǹkan kan.

Oníwáyà: Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ má bínú sí ráútà, kọnkéré ni kí ẹ bínú sí. Kọnkéré àjà tí wọ́n to irin sínú rẹ̀ máa ń gba agbára lọ́wọ́ ìgbì Wi-Fi gidigidi, kọnkéré méjì bẹ́ẹ̀ ló sì wà láàárín pálọ̀ yín àti yàrá àwọn ọmọ. Nínú oríṣi ìgbì méjì tí ráútà sábà máa ń lò, ìgbì 2.4 GHz máa ń la ògiri kọjá ju 5 GHz lọ, àmọ́ òun ló lọ́ra jù. Ohun mìíràn tí àwọn òǹtajà kì í sọ ni pé òfin ti fi gbèdéke sí bí ráútà ṣe lè pariwo tó, ìyẹn bí ìgbì rẹ̀ ṣe lè lágbára tó, àti pé bí ohùn ráútà bá tilẹ̀ dé òkè, ohùn fóònù, tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, gbọ́dọ̀ lè padà dé ìsàlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀.

Bọ̀dá Alágídí: Tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Extender, ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì ráútà tó sì ń tún un tan jáde, ni mo rà, mo sì lọ fi í sínú yàrá tí kò ti sí nẹ́tíwọọ̀kì rárá, nítorí mo rò pé ibẹ̀ ló ti ṣaláìní. Oṣù méjì ni mo fi ń bú ẹ̀rọ náà kí ọmọ mi tó bi mí léèrè pé, ohun tí kò gbọ́, báwo ni yóò ṣe tún un sọ? Ìgbà tí mo gbé e wá sí àárín ọ̀nà ló ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, eré rẹ̀ kò ju ìdajì ti ìsàlẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn.

Àǹtí Ràkẹ́: Èmi kò ra ráútà kankan. Wáyà gígùn ni mo rà, mo sì gbé ráútà wa gun àjà kejì, sórí ṣẹ́ẹ̀fù tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Ó di pé kọnkéré kan péré ló wà láàárín rẹ̀ àti òkè, kọnkéré kan péré láàárín rẹ̀ àti ìsàlẹ̀. Àtẹ̀gùn náà sì dà bí fèrèsé fún un. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ó ń ba ẹwà ilé jẹ́, ó sì kó o sínú wọ́dúróòbù onídígí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ ariwo.

Bọ̀dá Alágídí: Dígí lásán! Ẹ má fi ẹ̀sùn kan dígí, Àǹtí.

Oníwáyà: Kì í ṣe lásán, Bọ̀dá. Ẹ̀yìn dígí ìwojú ní èèpo irin fẹ́ẹ́rẹ́, irin sì máa ń dá ìgbì padà. Omi pẹ̀lú máa ń fa ìgbì mu, nítorí náà kí ẹ má gbé ráútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí omi tí ẹ fi ń sin ẹja.

Tẹ̀ẹ́lẹ̀: Ẹ tẹ́ áńténà kan sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ jẹ́ kí èyí tó kù nàró. Ó ràn mí lọ́wọ́.

Bọ̀dá Alágídí: Idán nìyẹn.

Oníwáyà: Kì í ṣe idán rárá. Ẹ̀gbẹ́ ni irú áńténà bẹ́ẹ̀ ti ń tan ìgbì jáde, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀. Èyí tó nàró ń kárí àjà tó wà, èyí tó dùbúlẹ̀ ń ta sókè àti sísàlẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ráútà ìsinsìnyí ló gbé áńténà wọn pamọ́ sínú.

Bàbá Ẹ̀bùn: Ṣé kí n kúkú ra mesh onímẹ́ta, ìyẹn ráútà mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan?

Àǹtí Ràkẹ́: Bí ẹ bá lè fa wáyà so wọ́n pọ̀, ẹ rà á. Bí ẹ kò bá lè fà á, kọnkéré tó ń dí ráútà kan lọ́wọ́ náà ni yóò dí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ láti bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì: Èmi ra mesh lẹ́yìn náà, n kò sì fa wáyà kankan o, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ojú àtẹ̀gùn ni mo to gbogbo rẹ̀ sí, ọ̀kan lórí òmíràn.

Oníwáyà: Wáyà nẹ́tíwọọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Cat5e lè gbé gígábíìtì kan (ìwọ̀n dátà) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan dé ọgọ́rùn-ún mítà. Kò sí ilé tó ga tó bẹ́ẹ̀ nínú àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí.

Bàbá Ẹ̀bùn: Mo ti yá wáyà, mo sì ti gbé ráútà àtijọ́ gun àjà kejì gẹ́gẹ́ bí Àǹtí Ràkẹ́ ti wí. Ilà mẹ́ta ló ń hàn ní yàrá àwọn ọmọ báyìí, n kò sì tíì ra ohunkóhun. Ṣùgbọ́n orí àtẹ̀gùn keje ni màmá mi ṣì wà lálẹ́ àná. Wọ́n ní ibẹ̀ ti mọ́ àwọn lára.