Lórí "ọ̀tẹ̀fẹ́": ta ni ọmọ náà ń dìtẹ̀ mọ́?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti fẹ́ dákẹ́, àmọ́ "ọ̀tẹ̀fẹ́" (ọ̀tẹ̀ àti ìfẹ́ tí wọ́n so pọ̀) tí ẹ̀gbọ́n wa ṣẹ̀dá lánàá kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ní òun ni ká máa pe ohun tó ń ṣe ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn kúkúrú tí a jọ kà: ọmọ ọdún 16, ọmọkùnrin kan wù ú, bàbá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ rí i, ó gba ojú fèrèsé jáde lóru.

Ọ̀tẹ̀ kẹ̀? Dídì ni wọ́n ń di ọ̀tẹ̀, ẹnì kan kì í dá a dì. Àwọn wo ló bá ọmọ yìí gbìmọ̀ lójú fèrèsé? Wọ́n á ní "ṣọ̀tẹ̀" ṣeé dá ṣe. Ó ṣeé ṣe, sí ọba, sí ìjọba. Ẹ wá tún fi "ìfẹ́" kan án nídìí, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ìfẹ́ gan-an ni wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́. Ọmọ yìí kọ̀ jálẹ̀ ni. "Ìkọ̀jálẹ̀" wà ńlẹ̀, ẹ ò mú un.

"Àìgbọràn" tí àwọn kan dábàá sàn díẹ̀, àmọ́ ẹ wo "àì" iwájú rẹ̀. Ohun tí bàbá retí tí kò rí ni ọ̀rọ̀ náà ń kà, bàbá kọ́ ló sì ń sọ ìtàn. Asọ̀tàn arínúróde, ìyẹn èyí tó dúró sí ìta ìtàn tó sì mọ inú gbogbo ẹni, lè sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni "ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́" tí ẹ̀gbọ́n fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní "kí" (tàbí "kú") àárín yẹn kò ṣe nǹkan, ṣebí ẹnikẹ́ni àti ibikíbi kì í ṣe èébú. Òótọ́ ni. Ẹ wá gbé e sáàárín ọ̀rọ̀ tó ti ara ọ̀rọ̀-ìṣe wá: ìsọkúsọ, ìjẹkújẹ, ìwàkiwà. Èwo ló dára níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìwàásù ni, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ara, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ojú, 1 Jòhánù 2:16. Ó ti dájọ́ kí ọmọ náà tó lanu. (Ẹni tó fẹ́ jà lórí bóyá "kí" ni àbí "kú", kó dúró ná, tàná kò tíì tán.)

Ìyá àgbà tó tọ́ mi kò lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọdé rí. "Ó wù ú ni" ni wọ́n máa ń wí. Ẹ gbọ́ gírámà yẹn dáadáa: ohun tó wuni ló ń ṣiṣẹ́, àbọ̀, ìyẹn ẹni tí ìṣe náà bá, ni ẹni tí nǹkan wù. Ó wù mí, bí ebi ṣe ń pa mí, bí oorun ṣe ń kùn mí. Nínú ìtàn yẹn, gbogbo ibi tí ọmọ náà ti sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà, "mí" ni ó jẹ́, àfi ìgbà tó ṣí fèrèsé: "Mo jáde." Ibẹ̀ ló ti di olùwà, ẹni tó ń ṣe nǹkan fúnra rẹ̀. Ọ̀tẹ̀fẹ́ yín ti bo ìyẹn mọ́lẹ̀ pátápátá.

Bó bá di dandan ká ní ọ̀rọ̀-orúkọ, "wíwù" tó. Ohùn ìsàlẹ̀ ló parí rẹ̀ o! Ẹnì kan ti kọ "wíwú" lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ wá dà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

Ẹ̀gbọ́n fi òwe aṣọ àti àkísà bá mi wí, pé àwọn ti ń kọ́ni ní èdè kí wọ́n tó bí mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n àkísà kọ́ là ń wá. Ẹni tó bá ti gbọ́ kí àgbà kan sọ pé ẹnì kan ṣoṣo dìtẹ̀, kó wí.