Kí ló dé tí ìfun kì í pẹ́ nínú yìnyín bíi kíndìnrín?

OmoAlaponBodija: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Ìlú Ọba. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti là á ní ikùn, ìfun tó kù ò tó nǹkan mọ́, ojú iṣan ni oúnjẹ ẹ̀ ń gbà wọlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè é lóru pé ìfun ẹnì kan tó kú ti wà nílẹ̀ tí wọ́n máa fi rọ́pò tiẹ̀. Kó tó dé ọ̀hún, wọ́n ní kó padà, pé yóò ti pẹ́ jù nínú yìnyín. Bẹ́ẹ̀ mo mọ ẹni tí kíndìnrín tí wọ́n fún un sùn mọ́jú nínú kúlà, ó ń tọ̀ dáadáa dòní! Ẹran ni ìyá wa tà ní Bódìjà. Lóòótọ́, ìfun ló ń kọ́kọ́ rùn lórí àtẹ, ṣùgbọ́n tó bá ti wọ firíìsà, ó parí.

NoosiTiata: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo wà. Ẹran ìyá yín ti kú, ọbẹ̀ ló ń lọ. Ti àbúrò yín gbọ́dọ̀ wà láàyè. Tó bá dì gbagidi, yìnyín á fọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ 4°C: a ó fi omi ìtọ́jú tútù ṣan ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ẹ̀ dànù, a ó dì í sínú ọ̀rá mẹ́ta, yìnyín á wà lóde.

Òtútù ò dá sẹ́ẹ̀lì dúró o, ó kàn dín ìjẹun ẹ̀ kù sí bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Agbára ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, iyọ̀ á ráyè wọlé, omi á tẹ̀ lé e, sẹ́ẹ̀lì á wú. Inú ìfun wá ní àwọn ìka tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń fa oúnjẹ. Ṣóńṣó wọn ló ń kọ́kọ́ jìyà: awọ orí ẹ̀ á gbé sókè bí ìléróró, á sì bó. Awọ yẹn ni ògiri tó dá kòkòrò inú ìgbẹ́ dúró. Kíndìnrín ò ní ìgbẹ́ nínú. Ó lè kọjá wákàtí 24. Ti ìfun, wákàtí 6 sí 8 là ń lé.

OmoAlaponBodija: Awọ tó bó yẹn ò lè hù padà ni?

NoosiTiata: Ó ń hù, kódà kíá. Nínú èmi àtẹ̀yin, ọjọ́ 3 sí 5 ló fi ń pààrọ̀ ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìbàjẹ́ bá dé ìdí àwọn ìka yẹn, níbi tí awọ tuntun ti ń jáde, kò sí mọ́. Kó tó hù, ẹ̀jẹ̀ tuntun ti wọ inú ìfun, kòkòrò sì ń gba ojú ihò kọjá sára ẹni tí oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ìfun àjèjì ti sọ di aláìlágbára.

DeleLab: Àwọn kan ti ń da omi ìtọ́jú sínú ihò ìfun fúnra ẹ̀, kì í ṣe inú iṣan nìkan. Lára eku àti ẹlẹ́dẹ̀, awọ náà pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó bó.

NoosiTiata: Ẹ̀gbọ́n, ohun kan tí mo gbàgbé. Ikùn tí wọ́n ti là lẹ́ẹ̀mẹta ti lẹ̀ mọ́ra nínú. Títú u nìkan lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, aago yìnyín ò sì ní dúró. Kó di báàgì ẹ̀ sílẹ̀, kó má pa fóònù lóru.

OmoAlaponBodija: Ẹ ṣé gan-an, ọmọ ìyá. Mo ti pè é. Ó ní ẹnu ọ̀nà ni báàgì náà wà.