Báwo ni ilé pọ́ǹpù omi ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ló sì máa ń bà á jẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́Omi:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ń kàwé nípa ilé pọ́ǹpù, ìyẹn ibùdó tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbé omi láti ibi tó rẹlẹ̀ lọ síbi tó ga tàbí ibi tó jìnnà. Nǹkan mẹ́ta ni kò tíì yé mi. Kí ló dé tó jẹ́ ìsàlẹ̀ lẹ́bàá omi ni wọ́n ń gbé pọ́ǹpù sí, tí wọn kì í gbé e sórí òkè kó máa fa omi bọ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ bí mọ́tò rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó? Ṣé èyí tó ń gbé omi ìdọ̀tí yàtọ̀ sí ti omi mímu? Ẹ jọ̀ọ́, kúlẹ̀kúlẹ̀ ni mo fẹ́.

BàbáPọ́ǹpù:
Ẹ kú ìbéèrè. Ti àkọ́kọ́ yẹn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Pọ́ǹpù kì í fa omi bí a ṣe rò. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín ìfúnpá kù lẹ́nu rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó tẹ ojú omi mọ́lẹ̀ níta ló wá ń ti omi náà wọ páìpù. Agbára afẹ́fẹ́ yìí ò lè gbé omi kọjá nǹkan bíi mítà 10.3 ní ìtẹ́jú òkun, bó ti wù kí pọ́ǹpù dára tó. Tí ẹ bá yọ ohun tí páìpù ń jẹ (ìyẹn agbára tó ń ṣòfò bí omi ṣe ń ha ara páìpù) àti ohun tí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ nílò kúrò, mítà 6 sí 7 ló ń kù. Bí omi bá gbóná, tàbí bí ibẹ̀ bá ga púpọ̀ ju òkun lọ, ó tún ń dín sí i.

Ní ti kí a máa ti omi lọ sókè, kò sí irú ààlà bẹ́ẹ̀. Ilé pọ́ǹpù Edmonston ní California ní pọ́ǹpù 14, ó sì ń ti omi gòkè ní mítà 587 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni àyè pọ́ǹpù. Èyí tó dára jù ni pé kí ojú omi ga ju pọ́ǹpù lọ, kí omi máa fúnra rẹ̀ ṣàn wọlé.

Bí ìfúnpá ẹnu pọ́ǹpù bá lọ sílẹ̀ jù, omi á hó níbẹ̀ láìgbóná. Ìhó wẹ́wẹ́ yẹn á bá omi dé ibi tí ìfúnpá ti pọ̀, á fọ́ lójijì, á sì máa gbẹ́ irin impeller, ìyẹn àgbá abẹ́ tó ń yí nínú pọ́ǹpù, jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ariwo bíi pé òkúta wẹ́wẹ́ ń yí nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo asẹ́ ẹnu páìpù bóyá ó ti dí, kí ẹ wo bóyá omi kòtò ti lọ sílẹ̀, kí ẹ sì wo bóyá fáàfù ọ̀nà àbáwọlé ṣí tán. Ẹ má ṣe fi fáàfù àbáwọlé dín omi kù láé! Fáàfù ọ̀nà àbájáde ni a fi ń ṣe é.

Páìpù àbáwọlé gbọ́dọ̀ tóbi, kí omi má sáré ju nǹkan bíi mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú rẹ̀. Níbi tó bá ti ń kéré kó tó wọ pọ́ǹpù, ẹ lo èyí tí apá òkè rẹ̀ tẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ má bàa ríbi sápamọ́ sí. Ẹ má sì gbé ìgbọ̀nwọ́ páìpù sí ẹnu pọ́ǹpù gan-an. Ẹ jẹ́ kí páìpù tó tọ́ gbọọrọ ṣáájú pọ́ǹpù.

Ìṣirò_Lòdodo:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti mọ́tò. Ẹ mú iye lítà tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 9.81, ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po gíga ní mítà, kí ẹ wá pín in sí 1,000. Kìlówáàtì tí omi nílò nìyẹn. Bí àpẹẹrẹ, lítà 100,000 ní wákàtí kan jẹ́ 27.8 ní ìṣẹ́jú àáyá. Tó bá ń lọ sókè ní mítà 40, ó jẹ́ 10.9 kìlówáàtì. Bí pọ́ǹpù bá ń lo ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí a fún un, 15.6 ni mọ́tò gbọ́dọ̀ gbé. Ẹ ra èyí tó jẹ́ 18.5 kó lè ní àyè.

Gíga tí mò ń wí kì í ṣe gíga òkè nìkan o. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ohun tí páìpù ń jẹ kún un. Bí ẹ bá sọ omi di ìlọ́po méjì, ohun tí páìpù ń jẹ á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹ bá gé fífẹ̀ páìpù sí ìdajì tí omi ò sì dín kù, ó lé ní ìlọ́po 30. Ẹni tó ra páìpù tóóró kí owó lè dínkù á máa san án padà lórí iná lójoojúmọ́.

KòtòMọ́:
Ti omi ìdọ̀tí yàtọ̀ gan-an. Omi ìdọ̀tí ń ṣàn wá fúnra rẹ̀ sínú kòtò kan, pọ́ǹpù á wá máa gbé e nígbà tó bá kún dé ibì kan. Ó kéré tán, pọ́ǹpù méjì ló ń wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ lè dá gbé gbogbo omi tó ń wọlé nígbà tó pọ̀ jù. Wọ́n máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí ọ̀kan má bàa gbó kí èkejì sì gan síbi tó jókòó sí. Float (ohun tó ń léfòó lójú omi, tó ń tan iná tàbí pa á bí omi bá gòkè tàbí lọ sílẹ̀) mẹ́rin ló wọ́pọ̀: èyí tó ń pa pọ́ǹpù, èyí tó ń tan àkọ́kọ́, èyí tó ń tan èkejì, àti èyí tó ń dún fún ìkìlọ̀.

Àyè tó wà láàárín ibi títan àti ibi pípa ṣe pàtàkì, torí mọ́tò tí a bá tan tààrà ń fa iná tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà iye tó ń lò bó bá ti ń yí dáadáa, ooru ìyẹn sì ń jó wáyà inú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kó má tan ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ ní wákàtí, ìṣẹ́jú àáyá 360 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín títan kan sí èkejì. Ẹ fi iye lítà tí pọ́ǹpù ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá sọ ọ́ di ìlọ́po, kí ẹ pín in sí 4. Pọ́ǹpù tó ń gbé lítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá nílò àyè lítà 1,800 láàárín ibi títan àti ibi pípa.

Nínú páìpù tó ń gbé e lọ, omi gbọ́dọ̀ sáré tó nǹkan bíi mítà 0.7 ní ìṣẹ́jú àáyá, kí iyanrìn má bàa sùn síbẹ̀. Ìnura tútù (wet wipes) tí a fi ń nu ọmọdé ni ọ̀tá àkọ́kọ́: kì í yọ́, ó ń lọ́ mọ́ impeller. Ọ̀rá tó ń dì sí ara float ni ìkejì, kì í jẹ́ kó gbéra mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò yẹn láìkọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wọn gáàsì. Hydrogen sulphide ń rùn nígbà tó bá kéré, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀, ó ń pa imú kú, èèyàn ò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́ kó tó ṣubú. Ẹni tó bá sì sáré wọlé láti gbé e á ṣubú lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́Omi:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá, ó ti yé mi. Ìkún-omi ńkọ́? Bí iná bá sì lọ lójijì, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí omi tó wà nínú páìpù?

BàbáPọ́ǹpù:
Ní ti ìkún-omi, omi tó pọ̀ púpọ̀ ni a ń gbé, gíga rẹ̀ sì kéré, nítorí náà pọ́ǹpù tó dà bí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ojú omi tàbí èyí tó ní ọ̀pá tó ń yí bíi skúrù ni wọ́n ń lò. Woudagemaal ní Netherlands, tí wọ́n ṣí ní 1920, ṣì ń fi agbára oru omi ṣiṣẹ́ nígbà tí omi bá ga jù. Ẹ ṣọ́ra: pọ́ǹpù tó ní impeller lásán, tí kì í ṣe ti abẹ̀bẹ̀, ẹ lè tan án nígbà tí fáàfù àbájáde rẹ̀ wà ní títì, yóò sì fa iná díẹ̀. Ti abẹ̀bẹ̀ yìí, iná tó pọ̀ jù ló máa fà, ó lè jó mọ́tò.

Ní ti kí iná lọ, ibẹ̀ ni páìpù ti ń fọ́. Omi ò lè dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Níwájú pọ́ǹpù, ìfúnpá á kọ́kọ́ wó lulẹ̀, á sì lè di òfo níbi tí páìpù ti ga. Lẹ́yìn náà omi á padà sẹ́yìn, á kọlu fáàfù aláìpadà, ìyẹn èyí tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn. Nínú páìpù irin, omi tó ń sáré mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá dúró lójijì ń fi ìfúnpá omi tó ga tó nǹkan bíi mítà 100 kún ti tẹ́lẹ̀. Ìgbì yẹn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá, torí náà nínú páìpù kìlómítà 3, ó ń lọ tó sì ń padà bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 6; fáàfù tó bá tì láàárín àkókò yẹn ti tì lójijì nìyẹn. Táǹkì tó ní afẹ́fẹ́ nínú, fáàfù afẹ́fẹ́ sí gbogbo ibi gíga, àti fáàfù aláìpadà tó ń tì kí omi tó yí padà ni a fi ń dá a dúró.

Ìṣirò_Lòdodo:
Mo fi kan kún un. Bí iná ìlà mẹ́ta bá ti lọ, tí wọ́n tún un so, tí pọ́ǹpù ń yí ṣùgbọ́n tí omi kò tó, ẹ wo ọ̀nà tó ń yí sí. Pọ́ǹpù tó ń yí sẹ́yìn ṣì ń gbé omi díẹ̀, kò sì ní dúró, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi tètè mọ̀. Ẹ pa iná rẹ̀ pátápátá, kí ẹ pààrọ̀ ipò wáyà méjì nínú mẹ́ta.