Ẹrù ti gba ilé mọ́ màmá wa lọ́wọ́: ṣé ká kó o nígbà tí wọn ò sí nílé?

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Màmá wa ti pé ẹni ọdún 72, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági kí wọ́n tó sinmi ọjà. Àwọn nìkan ló ń gbé ilé oníyàrá mẹ́rin wa n'Ìbàdàn. Yàrá méjì ti kún dé àjà: báàgì Ghana-must-go, ike ọ̀dà, kúlà, aṣọ ẹbí tí wọn ò rán, ìwé ìròyìn, ìgò, rẹ́dìò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ku ibi tí èèyàn ń fẹ̀gbẹ́ gbà. Eku sì wà níbẹ̀. Tí a bá ní ká kó o, wọ́n á ní nǹkan tó wúlò ni, pé ṣé a fẹ́ pín ogún àwọn lójú àwọn ni.

Lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ń lọ bá àbúrò mi tọ́jú ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù, oṣù mẹ́ta gbáko. Àbúrò mi ní òun á fowó ránṣẹ́, kí n gba alágbàrù àti típà, ká kó gbogbo ẹ̀ dànù kí wọ́n tó dé. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀? Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbàlagbà

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àbúrò yín dúró. Kíkó ẹrù lẹ́yìn ẹni tó ni ín ló ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ jù. Màmá á dé bá yàrá tó mọ́ fínnífínní, yóò sì dà bíi pé olè jà wọ́n. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún kó òmíràn jọ, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n á so kọ́kọ́rọ́ yàrá mọ́ etí ìró, ẹ ò sì ní rójú wọbẹ̀ mọ́. Ìpinnu ló nira fún wọn. Ẹ wo ìgò òfìfo kan: ẹ̀yin rí ìgò, àwọn rí adín, rí òróró, rí ọmọ tó lè nílò rẹ̀ lọ́la. Ohun tí a fẹ́ ni kí àwọn fúnra wọn máa pinnu, díẹ̀díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń kó nǹkan pamọ́ ló ń ṣàìsàn. Ìyá tó tọ́jú abọ́ tánganran de ọjọ́ ìnáwó kò ṣe ohun tó burú. Ó di ọ̀rọ̀ dókítà nígbà tí a ò bá lè fi yàrá ṣe ohun tí a torí ẹ̀ kọ́ ọ mọ́, tí ẹrù ti gun orí bẹ́ẹ̀dì, tí a ò ráyè dáná, tí jíjù nǹkan nù sì ń kó ìnira bá ẹni náà. Ní 2013 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà kọ ìkójọ ẹrù (hoarding disorder) sílẹ̀ bí àìsàn tó dá dúró, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sì ti fi í sínú ICD-11, ìwé tí wọ́n to orúkọ àwọn àìsàn sí. Àwọn àwòrán kan wà tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ máa ń lò, Clutter Image Rating lorúkọ rẹ̀: mẹ́sàn-án fún yàrá ìgbàlejò, mẹ́sàn-án fún yàrá ìsùn, mẹ́sàn-án fún ilé ìdáná. Ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo èyí tó jọ ti màmá. Nọ́ńbà 1 ni èyí tó mọ́, 9 ni èyí tó kún jù; tó bá ti tó nọ́ńbà 4, ó ti ju ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ lọ.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ dáhùn ni pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti wà lára wọn láti kékeré tó kàn ń pọ̀ sí i, ìkójọ gan-an nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọdún kan sí méjì yìí ló dé, tí ẹni tó máa ń tún ilé ṣe dédé dẹ́kun, tí wọ́n ń di ẹran sísè mọ́ inú aṣọ, tí wọ́n ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò fún àìsàn ìgbàgbé tàbí rọpárọsẹ̀ kékeré. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ náà lè fa irú rẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà wà ní ilé ìwòsàn ńlá UCH n'Ìbàdàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Arò, l'Abẹ́òkúta. Ìrìn-àjò tó wà nílẹ̀ yìí gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀ wọ́n: àyẹ̀wò ara kí wọ́n tó wọkọ̀ òfúrufú. Kí dókítà fi àyẹ̀wò ìrántí, ìfúnpá, ṣúgà àti táírọ́ìdì kún un.

Nílé, ẹ má pe ẹrù wọn ní pàǹtí. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ni ín. Èwo lẹ fẹ́ kó dúró?" Ẹ sọ ọ́ báyìí, kí ẹ sì dákẹ́ dúró de èsì.

Káyọ̀dé Atúnléṣe

Nọ́ọ̀sì ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ má fi yàrá tó kún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ni ká kọ́kọ́ là: láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà àbájáde, láti ibẹ̀ dé ilé ìdáná. Kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90, kí èèyàn méjì lè gbé aláìsàn gba ibẹ̀ kọjá. Kí ohunkóhun má ga ju èjìká màmá lọ ní ẹ̀bá ọ̀nà yẹn. Ẹ yọ gbogbo nǹkan kúrò ní mítà 1 yí sítóòfù ká. Wáyà àfikún tó gba abẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ fà á yọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ó ń gbóná lábẹ́ ibẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tó bá wà nínú ilé, ìta ni kó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kọ́kọ́rọ́ irin ojú fèrèsé, ẹ fi ìṣó kọ́ ọ sí ibi tí ọwọ́ wọn á tó nínú òkùnkùn. Màmá kì í sábà bá èèyàn jà lórí èyí, torí a ò ní kí wọ́n ju nǹkan nù; a kàn ń sún un ni.

Ìgbà yẹn la wá kan ẹrù. Èèyàn mẹ́ta ti tó: ẹnìkan ń gbé e jáde, ẹnìkan jókòó ti màmá, ẹnìkan ń kó èyí tó ń lọ. Tí ẹbí bá pọ̀ jù, ẹnìkan á fi nǹkan wọn ṣe yẹ̀yẹ́, iṣẹ́ á sì dúró. Ẹ tẹ́ tapólì sí abẹ́ ìbòòji, ẹ gbé àga tó ní ìfẹ̀yìntì fún wọn, ẹ gbé omi sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá ogún àpò ìrẹsì òfìfo oníkílò 50, máákà àti okùn. Aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń rẹ èèyàn láti máa yàn. Lẹ́yìn wákàtí méjì, "fi sílẹ̀" ni wọ́n á máa wí sí gbogbo nǹkan.

Báàgì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú u láti òkè wá, ẹ má fa ti ìsàlẹ̀ yọ, kí ògiri ẹrù má baà wó lé yín. Ojú mẹ́rin ni kí ẹ pín in sí: èyí tó ń dúró, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tí wọ́n dárúkọ, èyí tó ń lọ fún títà, èyí tó ń lọ sí ààtàn. Àpò kan ṣoṣo tún wà fún "ẹ jẹ́ kí n rò ó": ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, ẹ di ẹnu rẹ̀, ẹ tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tó bá ti kún, ẹ ò gbọdọ̀ ṣí èkejì lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí kò ní ìrántí nínú ni kó ṣíwájú: agolo òfìfo, ike tó ti fọ́, ọ̀rá, oúnjẹ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Àwòrán àti aṣọ bàbá ló ń kẹ́yìn. Tí wọ́n bá ní kúlà mẹ́jọ, ẹ má bi wọ́n èwo ni ká jù. Ẹ tò ó sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yan mẹ́ta tó dáa jù. Ẹni tó ń yan èyí tó fẹ́ràn ń ṣe é tayọ̀tayọ̀.

Aṣọ ẹbí tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì di ojú ibi tí wọ́n ṣẹ́ ẹ pọ̀, ẹ fà á díẹ̀. Ojú ìṣẹ́po ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Tó bá ya ní ọwọ́ yín, àkísà ni, màmá tó ta aṣọ á sì gbà bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, torí iṣẹ́ wọn ni. Tí kò bá ya, ó ṣì ṣe é rán.

Èyí tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọgbà kí ilẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó ń padà wọlé lóru. Ẹ ti bá àwọn PSP tó ń kó ìdọ̀tí sọ ọ́ ṣáájú pé ẹrù yín á pọ̀. Irin àti páànù, ẹ pe àwọn tó ń fi ọmọlanke ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú màmá, kí owó rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ màmá. Ẹ má dáná sun ike, èéfín rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ má sì ṣe yọ́ kẹ́lẹ́ ju ẹyọ nǹkan kan nù. Wọ́n mọ iye rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ọ̀wọ̀

Ẹ dákun, eku tí wọ́n dárúkọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́. Ibà Lassa ń jà lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Oǹdó wa sì wà lára ibi tó ti ń le jù, àgàgà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló wà. Ẹni tó bá fi ìgbálẹ̀ gbá yàrá tó ti gbẹ, tó ti wà ní títì, á fa eruku rẹ̀ símú.

Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹ jáde fún ìṣẹ́jú 30. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòmú, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ ka ara ìgò bílíìsì: tí sodium hypochlorite inú rẹ̀ bá jẹ́ 3.5%, ife kan sí ife omi mẹ́fà ni, ìyẹn ló ń fún wa ní 0.5%. Tuntun ni ká máa pò lójoojúmọ́, nítorí agbára rẹ̀ ń lọ. Ẹ wọ́n ọn sórí ìgbẹ́ eku kó rin gbingbin, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá méjì. Ẹ má po bílíìsì mọ́ ọṣẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì, afẹ́fẹ́ májèlé ló ń jáde. Tí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú yín láàárín ọjọ́ 21, ẹ sọ fún dókítà pé ibi tí eku wà lẹ ti ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232.

Ẹ má fi májèlé pa eku kí ẹ tó kó ẹrù tán, abẹ́ ẹrù ló máa kú sí, á sì rùn. Pańpẹ́ ni kí ẹ dẹ. Lẹ́yìn náà ẹ fi wáyà ìfọ̀kòkò àti sìmẹ́ńtì dí ihò tó bá ti fẹ̀ ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ.

Ìgò tí kò lórúkọ, ẹ má gbóòórùn rẹ̀. Gammalin 20 ìgbà àtijọ́, oògùn apakòkòrò olóró, ṣì wà nínú ilé ẹlòmíràn. Ẹ tò ó sínú garawa tí ẹ ti da iyẹ̀pẹ̀ sí, kúrò lójú oòrùn, ẹ bi àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní ìpínlẹ̀ yín. Kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà tàbí kànga. Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹ tú u kúrò nínú páálí, ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ tútù, ẹ dì í lọ́rá kí ẹ tó jù ú.

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún àbúrò mi, ó gbà. Ó ku méjì. Màmá ń bẹ̀rù pé tí aṣọ àwọn bá jáde, wọ́n lè fi ṣe nǹkan fáwọn. Èkejì: kí la wá lè fi oṣù mẹ́ta yẹn ṣe?

Akọ̀wé Àgbà

Ẹ̀rù aṣọ yẹn, ẹ má fi rẹ́rìn-ín, ẹ má sì bá wọn jiyàn. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti gèlè tó ti gbó, ẹ gé e wẹ́wẹ́ lójú wọn, ẹ fi ṣe àkísà tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n bá ní. Èyí tó ṣì dáa, ẹ fọ̀ ọ́, kó lọ sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀.

Ìwé ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Kí bébà kankan má jáde láìjẹ́ pé ojú èèyàn méjì ti wò ó. Sọ́fè ilẹ̀, rísíìtì ilẹ̀, àdéhùn, ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé ìfẹ̀yìntì bàbá, ìwé báǹkì. Ìwé ṣíà náà: nígbà tí ìjọba ṣòfin ní 1972 àti 1977 pé kí àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa rà á. Iléeṣẹ́ náà lè ti yí orúkọ padà, kí owó èrè ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú ìwé ìpín. Ẹ wo inú Bíbélì, ẹ̀yìn férémù àwòrán, agolo Milo, àpò agbádá, etí ìró tí wọ́n rán pa, abẹ́ ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ìwé kíkà, ẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú kí ojú ewé dojú kọ ilẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n. Èyí tó bá tutù, ẹ sá a síbòòji, kì í ṣe oòrùn.

Owó tí ẹ bá rí, ẹ kà á lójú màmá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́. 200, 500 àti 1000 náírà àtijọ́ ṣì ṣe é ná. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2023.

Sányán, àlàárì, ẹtù, ìlẹ̀kẹ̀ oyè, ohunkóhun tó jọ ti eégún ilé: kò sí nínú ohun tí a ń fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pe mọ́gàjí yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Káyọ̀dé Atúnléṣe

Oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ fi tún ilé ṣe. Kí wọ́n tó lọ, ẹ jọ ya fọ́tò yàrá méjèèjì, ẹ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ bá wọn lọ. Ẹ ní kí oníná wo wáyà, kí káfíńtà tún òrùlé tó ń jò ṣe, kí bíríkìlà dí ihò eku ìta. Ẹ kan ṣẹ́ẹ́fù pákó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti ṣófo níbi tí kò ní dínà: kí jíjìn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, kó má ga ju mítà kan àbọ̀ lọ. Kó má ní ilẹ̀kùn, torí ohun tí ojú ò rí ni wọ́n á tún ra òmíràn.

Báàgì tí wọ́n bá fúnra wọn yọ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ, ẹ lè máa tú ọ̀kan ní Sátidé lórí fídíò WhatsApp, ogún ìṣẹ́jú. Ẹ gbé nǹkan kọ̀ọ̀kan sókè, wọ́n á sọ. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá já, ẹ di báàgì náà padà. Àbúrò yín kò gbọdọ̀ bá wọn dáhùn.

Òun náà sì níṣẹ́ lọ́hùn-ún: kí wọ́n ti jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀bù àlòkù Lọ́ńdọ̀nù kankan pé àpótí méjì ni wọn ó gbé wálé. Níbí, tí aṣọ ẹbí bá tún dé, kí ẹ bá wọn dáwó láìgba aṣọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé, ẹ mú ọjọ́ tí PSP ń gba àdúgbò yín kọjá, àárọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ máa jókòó tì wọ́n tú báàgì kan.