Ìdajì ọjọ́ péré la ní ní Nairobi, màmá mi sì fẹ́ rí erin: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́ Ọmọ Ọdẹ

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Nairobi fún ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù keje, màmá mi sì ti fàáké kọ́rí pé àwọn ń bá mi lọ. Ọjọ́ Àìkú la máa padà. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni bàálù wa máa gbéra, nítorí náà àárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣófo. Àdúgbò Westlands la máa dé sí.

Bàbá tó bí màmá mi, ọdẹ pọ́ńbélé ni wọ́n. Màmá mọ ìjálá erin, wọ́n mọ ti ẹfọ̀n, wọ́n mọ ti ìkookò. Bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ báyìí, ẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, àwòrán erin nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 71, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Mo gbọ́ pé igbó ọba kan wà létí ìlú náà gan-an. Ṣé ìdajì ọjọ́ tó o? Ṣé ẹranko ìgbẹ́ gidi ni, àbí inú àgò ni wọ́n kó wọn sí? Irú ọkọ̀ wo la máa wọ̀? Èyí tó ká mi lára jù: ṣé màmá á rí erin?

Dérìnọlá Nairobi

Ẹ káàbọ̀ o, àǹtí. Ọdún kẹrin mi rèé ní ìlú yìí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó le: kò sí erin tó ń rìn kiri nínú Nairobi National Park. Kìlómítà onígun mẹ́rin 117 ni gbogbo igbó náà, kò gba ìjẹ erin. Bí ẹnikẹ́ni tó ń ta sàfárì bá ṣèlérí erin fún yín níbẹ̀, ẹ sá fún un.

Àmọ́ yàtọ̀ sí erin, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ìjálá màmá ló wà níbẹ̀: kìnnìún, ẹfọ̀n, ẹkùn (ẹkùn ò wọ́pọ̀ lójú o), ìkookò, ìmàdò, ọ̀nì, erinmi. Àgùnfọn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti ògòǹgò, ẹ ó rí wọn títí ó fi máa sú yín. Àgbáǹréré gan-an ni wọ́n fi ń yangàn, dúdú àti funfun ló wà.

Kò sí àgò kankan. Igbó ọba àkọ́kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kenya ni, ní 1946. Kìlómítà bíi méje ló sí àárín ìlú. Wáyà yí i ká lápá mẹ́ta, ṣùgbọ́n wọn ò fi wáyà dí ìhà gúúsù níbi odò Mbagathi. Ibẹ̀ làwọn ẹranko ń gbà sọdá sí pápá Kitengela, níbi táwọn Maasai ti ń da màlúù, tí wọ́n á tún padà wọlé nígbà tó bá wù wọ́n.

Ìdajì ọjọ́ tó dáadáa, tí ẹ bá lè jí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí géètì. Ẹ kúrò ní Westlands kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù, ẹ gba géètì ńlá tó wà ní Langata Road. Tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, oòrùn á ti mú, kìnnìún á ti wọ abẹ́ igi, ìrù rẹ̀ nìkan lẹ máa máa wò.

Bàbá Ìbejì

Mo kín Dérìnọlá lẹ́yìn lórí aago mẹ́fà, kí n sì fi ọ̀rọ̀ awakọ̀ kún un. Lọ́dún tí èmi àti ìyàwó mi lọ, ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ló gbé wa. Gbogbo awakọ̀ ibẹ̀ ló ń pe ara wọn lórí fóònù. Bí ẹnì kan bá ti ní òun rí kìnnìún, tiwa á tẹ iná mọ́ ọkọ̀. A sáré kọjá lára àgùnfọn mẹ́fà tó ń jẹ ewé lẹ́bàá ọ̀nà, bí ẹni tó ń sáré kọjá níwájú ẹni tó jẹ lówó. Ìgbà tá a débi kìnnìún, ọkọ̀ mọ́kànlá ló yí ìgbẹ́ kan ká, etí kan la rí. Etí o!

Kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ sọ fún awakọ̀ pé ẹ ò bá kìnnìún jà, kó máa rọra lọ.

Kọ́lá Àjèjì

Kí ló dé tẹ́ ẹ ń náwó lórí ọkọ̀ sàfárì? Èmi pe tákísì lásán, mo bá a dúnàádúrà fún wákàtí márùn-ún, a wọlé. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ ara ẹni wọlé. Ìlàjì owó ni mo san.

Dérìnọlá Nairobi

Bọ̀dá Kọ́lá, òótọ́ lẹ sọ, wọ́n ń gba ọkọ̀ ara ẹni. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe ríran? Koríko ibẹ̀ ga lẹ́yìn òjò, tákísì kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ sàfárì, òrùlé rẹ̀ ṣeé gbé sókè, èèyàn á dìde dúró, á máa wo ọ̀ọ́kán. Ti òjò ńlá, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, tákísì tiẹ̀ lè rì sínú ẹrẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ tì í nítorí ohun tó lè wà nínú koríko.

Kọ́lá Àjèjì

Ó dáa, mi ò rí ju orí àgùnfọn lọ. Mo gbà.

Àlàó Onífọ́tò

Èmi kì í wá kìnnìún rárá. Ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ sí adágún Nagolomon Dam, kò jìnnà sí géètì ńlá, kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo yín panu mọ́. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Agbo ẹfọ̀n kan wá mumi. Ọ̀kan dúró tó bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí wa, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹyẹ kékeré ẹlẹ́nu pupa kan ń bá a ṣa eégbọn, ó sì ki gbogbo orí bọ inú etí ẹfọ̀n náà. Ẹfọ̀n ò kọ, ó kàn ju etí kejì, ó ń jẹ àpọ̀jẹ lọ. A ń gbọ́ ọ bó ṣe ń rún un. Lẹ́yìn ẹ̀ gan-an, ilé alájà gogoro onígíláàsì tó ogún, bàálù kékeré láti pápákọ̀ òfurufú Wilson sì ń gba orí wa kọjá. Mi ò mọ ìlú mìíràn tí mo ti lè ya irú fọ́tò yẹn.

Irú ẹyẹ tó wà níbẹ̀ ju 400 lọ, ẹni tó bá lójú ẹyẹ kó mú awò dání. Afárá ojú irin gíga kan tún gba inú igbó náà kọjá, àgùnfọn ń gba abẹ́ ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní ó ba ojú igbó jẹ́. Èmi náà ò fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ya fọ́tò ẹ̀.

Àdùnní Ẹlẹ́sẹ̀ Ajé

Ẹ ṣọ́ra fún aago o. Bí wọ́n bá ń sọ Kiswahili, ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí. Aago méje tiwa, aago kan tiwọn ni. Awakọ̀ mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé "saa kumi na mbili", mo ní kí fóònù túmọ̀ ẹ̀, ó ní aago méjìlá. Mo sùn fọnfọn. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ọkùnrin náà ti ń tẹ fèrè níta.

Ẹ san owó ìwọlé sílẹ̀ lórí eCitizen, ìkànnì ìjọba Kenya, ẹ ò lè fi owó beba san án lẹ́nu géètì. Iye tí ọmọ Kenya ń san yàtọ̀ sí ti àlejò, dọ́là ni wọ́n fi ń ka tiwa, owó ọkọ̀ sì tún dá dúró. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání. Ẹ má gbé omi inú ike o, láti 2020 ni wọ́n ti fòfin de ike àlòsọnù nínú àwọn igbó ọba wọn. Kóòlà onírin ni kí ẹ rọ omi sí.

Àbẹ̀kẹ́ Ọmọ Ọdẹ

Ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣìnà. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, ṣé màmá á lè gòkè sínú ọkọ̀ yẹn, ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà? Èkejì, ọ̀rọ̀ erin yìí ò tíì tán lọ́kàn mi. Mi ò tíì lè sọ fún wọn.

Dérìnọlá Nairobi

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọkọ̀ fáàn, ẹ má gba Land Cruiser, àtẹ̀gùn tiẹ̀ ga jù fún orúnkún. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní géètì àti láwọn ibi tí wọ́n ti ń jókòó jẹun. Ẹ di búrẹ́dì àti ẹyin dání, àmọ́ bí ẹ bá débi táwọn ìnàkí wà, ẹ ti fèrèsé. Wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, wọ́n tún jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ ẹ́. Oṣù keje tútù níbí o. Kí màmá wọ súwẹ́tà, kí wọ́n fi ìborùn lé e.

Ti erin: ibùdó Sheldrick Wildlife Trust wà létí igbó yẹn kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ erin tí kò níyàá mọ́. Aago mọ́kànlá sí méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń gba àlejò, wákàtí kan péré, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gbàyè sílẹ̀ lórí ìkànnì wọn. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó kù, ó máa ń kún. Tí ẹ bá jáde nínú igbó láago mẹ́wàá, tí ẹ gba ọ̀nà Magadi, ẹ ó débẹ̀ lásìkò. Ìdúró ni níbẹ̀, nítorí náà ẹ mú àpótí kékeré tó ṣeé ká dání fún màmá, kí ẹ sì tètè dé kí wọ́n lè wà nídìí okùn tí wọ́n fi pààlà.

Bàbá Ìbejì

Ẹ tún lè ya Giraffe Centre ní Lang'ata, àgùnfọn á máa lá oúnjẹ lọ́wọ́ yín.

Dérìnọlá Nairobi

Bàbá Ìbejì, ibi mẹ́ta láàárọ̀ kan fún ẹni ọdún 71? Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ibi méjì, kí wọ́n padà sí òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sùn díẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n ti wà ní pápákọ̀. Kí wọ́n gba ọ̀nà márosẹ̀ Expressway, wọ́n á sanwó, àmọ́ wọ́n á bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Àbẹ̀kẹ́ Ọmọ Ọdẹ (lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀)

A lọ, a bọ̀. Ẹ ṣeun gan-an.

A ò rí kìnnìún. A rí àgbáǹréré abiyamọ kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nínú ìkùukùu, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Màmá di apá mi mú, wọn ò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi wọ ìgbẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Baba mi ò bá wa sọ pé ó tóbi tó yẹn."

Awakọ̀ wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, gbé wa dé ibi tí wọ́n ti dáná sun eyín erin. Òkìtì eérú ṣì wà níbẹ̀. Ó ní Ààrẹ Moi sun tọ́ọ̀nù 12 ní 1989, pé ní 2016, Ààrẹ Uhuru Kenyatta sun 105, kí ayé lè mọ̀ pé eyín erin ò ní iye lórí lọ́wọ́ àwọn. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún màmá. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Eyín erin tí bàbá wọn máa ń dárúkọ bí ẹni ń dárúkọ wúrà, òun ni wọ́n sun ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù. Wọn ò fèsì.

Ní Sheldrick, aago mọ́kànlá géérégé, àwọn ọmọ erin sá jáde látinú igbó, yẹ̀pẹ̀ pupa bò wọ́n. Àwọn olùtọ́jú wọn gbé ìgò wàrà ńlá lọ́wọ́. Ọ̀kan gba ẹ̀bá okùn kọjá, ó fara nù mọ́ aṣọ màmá, títí dòní yẹ̀pẹ̀ yẹn ò tíì tán lára ìró. Irun orí ẹ̀ dúró gànnàgànnà bí búrọ́ọ̀ṣì. Màmá na ọwọ́, wọn ò fi kàn án. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjálá erin ní ohùn ìsàlẹ̀, àwọn òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti ń gbé fóònù sókè. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún àlejò wá ń ka ìtàn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí já sí kànga, ti èyí, ọ̀dá ló pa ìyá ẹ̀, ti èyí, àwọn tó ń wá eyín ni. Mo ń túmọ̀ ẹ̀ lọ. Màmá dá ìjálá dúró láàárín.

Nínú bàálù ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ ọwọ́ làwọn rí, àwọn ò tíì rí Àjànàkú. Wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín pé níbo ni igbó ọba Tsavo tí wọ́n ní àwọn ọmọ yẹn ń lọ tí wọ́n bá dàgbà.

Dérìnọlá Nairobi

Ẹ sọ fún màmá pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Mombasa ni. Ọkọ̀ ojú irin kan wà tó máa ń dúró ní Voi, ẹnu ọ̀nà Tsavo nìyẹn, erin ibẹ̀ pupa bí ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìdajì ọjọ́ o. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún mi kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, èmi náà á tẹ̀ lé yín.