Iná infrared fún lákà orí igi: kí ló ń mú un lé ròrò?

Ọmọ Pákó béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Lákà nitrocellulose ni mo ń fín sára ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì onígi oak, mo sì fẹ́ kó tètè gbẹ kí ọwọ́ kejì lè gorí rẹ̀ láàárín 20 ìṣẹ́jú. Iná infrared (iná tó ń fi ìtànṣán tí ojú kò rí gbé ooru jáde) méjì ló wà nílẹ̀, 1,000 wóòtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú onígíláàsì tó máa ń tàn yòò lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá wà ní 30 sẹ̀ntímítà sí igi, ojú lákà á gbẹ ní ìṣẹ́jú 3, àmọ́ ròrò wẹ́wẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, pàápàá lójú ihò igi. Ṣé iná ló le jù ni, àbí tínà ló pọ̀ jù?

Baba Fíníṣì:

Tínà kọ́. Ẹ ń yára tan iná, ẹ sì gbé e sún mọ́ igi jù.

Kí tínà inú lákà yìí fò jáde, kò sí ọ̀nà mìíràn tó fi ń gbẹ. Bí ooru líle bá kọ́kọ́ kan ojú rẹ̀, ojú á pa dé, tínà tó kù nísàlẹ̀ á sì há. Nígbà tí igi bá wá gbóná, tínà náà àti afẹ́fẹ́ tó wà nínú ihò igi á wú, wọ́n á ti ojú lákà sókè. Ihò oak tóbi, ìyẹn ni ròrò fi ń kọ́kọ́ yọ níbẹ̀.

Irú iná tó wà lọ́wọ́ yín tún dá kún un. Short wave ni, ìyẹn èyí tí ìgbì ìtànṣán rẹ̀ kúrú. Ìtànṣán rẹ̀ ń gba inú lákà tó mọ́ gaara kọjá lọ bá igi, nítorí náà igi ló ń gbóná ju lákà lọ. Igi dúdú, tàbí èyí tí a ti pa láró, á tún gbóná ju igi funfun lọ lábẹ́ iná kan náà. Medium wave, tí ìgbì tirẹ̀ gùn díẹ̀ sí i, ló bá iṣẹ́ yìí mu jù: wáyà rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 800 sí 1,000 dígírì lọ, lákà fúnra rẹ̀ ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀.

Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí. Kí ọ̀rinrin igi wà láàárín ìdá 8 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi sanding sealer dí ihò igi, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi sánpépà 320 ha á. Ẹ fín lákà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bíi 100 máíkírọ́ọ̀nù (ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà) nígbà tí kò tíì gbẹ. Bí gidi inú lákà, ìyẹn ohun tó ń ṣẹ́ kù bí tínà bá fò tán, bá jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, 25 máíkírọ́ọ̀nù péré ló máa kù lórí igi. Lẹ́yìn náà, ẹ má fọwọ́ kan iná rárá fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Afẹ́fẹ́ tó ń rọra fẹ́ nìkan ni kó ṣiṣẹ́. Ìgbà tí lákà kò bá fà mọ́ ìka mọ́ ní ibi tí kò hàn síta ni kí ẹ tó tan iná, láti 60 sẹ̀ntímítà, fún ìṣẹ́jú 5 sí 8. Kí ojú igi má kọjá 50 dígírì.

Kí ẹ tó fín ọwọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí igi tutù wálẹ̀ sí 30. Lákà tó bá balẹ̀ sórí igi gbígbóná á gbẹ kó tó tẹ́, ojú rẹ̀ á rí ṣákiṣàki.

Onígọ́ọ̀nù:

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àyàfi 60 sẹ̀ntímítà yẹn. Iná yàtọ̀ síra, àwọ̀ igi náà yàtọ̀. Ooru ojú igi ni kí ẹ máa wò, kí ẹ wá sún iná síwá sẹ́yìn títí yóò fi bọ́ sí i.

Bí ẹ bá ń fi tẹmómítà infrared wọ̀n ọ́n, ẹ kọ́kọ́ pa iná. Lákà tó ń dán máa ń dá ìtànṣán padà, tẹmómítà á wá ka ooru iná mọ́ ti igi. Ẹ tò ó sí emissivity (ìwọ̀n bí ojú nǹkan ṣe ń tú ìtànṣán ooru jáde) 0.95. Etí ilẹ̀kùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kì í ṣe àárín, torí pé etí ló máa ń tètè gbóná.

Tó bá jẹ́ igi tí a lẹ fíníà (awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) mọ́, ìkìlọ̀ 50 yẹn kì í ṣe àbá lásán: gọ́ọ̀mù funfun ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti bíi 60. Igi pine náà á máa da oje jáde.

Pákó Gbẹ:

Kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu kan ìjàm̀bá iná! Oru tínà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń fà sí, wáyà inú iná short wave sì ń kọjá 2,000 dígírì. Ẹ má fín lákà nínú yàrá tí iná yẹn wà ní títàn láé. Kí fáànù tó ń fa oru síta ti máa ṣiṣẹ́ kí iná tó tàn, kí mọ́tò fáànù má sì sí lójú ọ̀nà oru náà. Ẹni tó ń ṣètò wáyà lè so wọ́n pọ̀, kí iná má lè tàn bí fáànù bá kú. Ẹ máa ha lákà gbígbẹ tó bá dà sára iná tàbí sílẹ̀ kúrò. Nitrocellulose gbígbẹ ń gbiná kíákíá. Inú garawa irin tó lómi ni kí ẹ máa kó o sí, àti àkísà.

Ọmọ Pákó:

Ẹ ṣeun gan-an. Kò tíì sí bí mo ṣe lè pààrọ̀ iná báyìí. Ṣé dimmer, ohun tó ń dín agbára iná kù, lè ṣiṣẹ́? Tó bá sì jẹ́ polyurethane alápò méjì, fíníṣì tí a ń po apá méjì rẹ̀ pọ̀ kí a tó fín in, ńkọ́?

Baba Fíníṣì:

Dimmer á ṣiṣẹ́, bó bá lè gbé wóòtì iná náà. Bí iná bá rẹlẹ̀, wáyà inú rẹ̀ á tutù díẹ̀, ìtànṣán rẹ̀ á sì sún mọ́ ti medium wave.

Alápò méjì yàtọ̀, torí pé kẹ́míkà inú rẹ̀ ló ń so pọ̀. Bí ooru bá fi 10 dígírì lọ sókè, iṣẹ́ náà lè yá tó ìlọ́po méjì, nítorí náà infrared wúlò níbẹ̀ ju ti lákà yín lọ. Ẹ fún un ní 10 sí 15 ìṣẹ́jú kí iná tó kàn án. Bí ròrò bá tún yọ, ẹ wo ọ̀rinrin igi: hardener rẹ̀ (apá tó ń mú un le) máa ń bá omi ṣiṣẹ́, gáàsì carbon dioxide ló sì ń jáde.

Onígọ́ọ̀nù:

Ẹ má gbé infrared lọ sórí urushi, lákà ilẹ̀ Japan, o. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bíi ìdá 70 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún lòun fi ń gbẹ, ní 20 sí 30 dígírì.

Ní ti ilẹ̀kùn yín, ẹ fi sánpépà 320 ha kọ̀rọ̀ kan kí ẹ tó kó wọn léra. Bí ìyẹ̀fun funfun bá jáde, ó ti gbẹ. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ sánpépà, ẹ ṣì fi í sílẹ̀.