HOA, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa, ní kí n yọ pátákó ìpolongo ìbò iwájú ilé mi. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́?

Ìyá Mofẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Houston. Ọmọ Èkìtì kan tó ń du ipò adájọ́ ní county wa fún wa ní pátákó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì gbé mẹ́ta wálé. Mo ri ọ̀kan mọ́ koríko iwájú ilé, mo so ọ̀kan mọ́ ara igi, mo ri ìkẹta sí etí títì, ní òdìkejì ibi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn. Lánàá ni lẹ́tà HOA dé: kí n kó gbogbo ẹ̀ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ìtanràn ń bọ̀. Ilé tí mò ń san mọ́géèjì ẹ̀ lóṣooṣù! Bàbá Mofẹ́ ní kí n yọ wọ́n ká lè sùn ká hanrun. Èmi ò gbà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ má yọ nǹkan kan, mà. Ní 1994, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìlú Ladue ní Missouri ò lè ní kí obìnrin kan má lẹ pátákó mọ́ fèrèsé ilé ara ẹ̀.

Bọ̀dá Katy: Àbúrò, rọra. Ìjọba ìlú ni ẹjọ́ yẹn bá wí. HOA kì í ṣe ìjọba. Ìwé tó rọ̀ mọ́ ilé tí a rà ló fún wọn lágbára. Òfin Texas ni kí Ìyá Mofẹ́ dì mú: Property Code 202.009. HOA ò lè fòfin de pátákó ìdìbò láti àádọ́rùn-ún ọjọ́ ṣáájú ìbò títí di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn ẹ̀. Ìbò November 3, 2026 nìyí, a jẹ́ pé láti August 5 ni ààbò yín ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ òfin kan náà gbà kí wọ́n sọ pé ọ̀kan ṣoṣo fún olùdíje kọ̀ọ̀kan, kó dúró lórí ilẹ̀, kó má tóbi ju ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ẹ̀gbẹ́ kan àti 6 ní ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, kí wọ́n má so ó mọ́ igi. Ẹ wo ìwé HOA yín bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, àwọn fúnra wọn lè wá yọ ti ara igi. Ti etí títì ńkọ́? Ilẹ̀ ìjọba nìyẹn sábà máa ń jẹ́. Ẹ yáa tètè gbé e.

Bísí Ayálégbé: Àwa tá a háyà ilé ńkọ́?

Bọ̀dá Katy: Onílé ni òfin yẹn dárúkọ. Ka àdéhùn ìyálégbé rẹ, kí o sì béèrè lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù kó o tó ri nǹkan mọ́lẹ̀. Kì í ṣe Mushin, tí wọ́n á lẹ póstà mọ́ fẹ́ǹsì olóńlé lóru láìwí fún un.

Bàbá Àgbà: Green card lèmi ní. Ọmọ mi ní tí mo bá gbé pátákó síta, wọ́n á gba ìwé mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Rárá, sà. Kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú lọ dìbò lọ̀ràn. Pátákó kì í ṣe ìbò.

Ìyá Mofẹ́: Ẹ ṣeun. Mo ti yọ méjì. Mo ti fèsì lẹ́tà wọn, mo kọ nọ́ḿbà òfin náà sí i, mo fi fọ́tò èyí tó kù tì í. Ẹ dákun, aládùúgbò mi fi iná tó ń ṣẹ́jú yí ti ẹ̀ ká. Ṣé ìyẹn bófin mu?

Bọ̀dá Katy: Wọ́n lè fòfin de iná náà, mà. Àmọ́ ẹ fi sílẹ̀ kí HOA fojú ara wọn rí i.